Kí ni .286 túmọ̀ sí? Àlàyé nọ́ńbà béèsìbọ́ọ̀lù fún àwa tí a jìnnà sí pápá

Lóṣù Karùn-ún, ọmọ ọmọ mi tó wà ní Houston kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, béèsìbọ́ọ̀lù ló sì ń gbá nílé ìwé rẹ̀. Ìlà kan péré ló kọ: "Bàbá àgbà, .286 ni mo wà báyìí." Mo wo nọ́ńbà náà títí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò níbí ní Ẹ̀pẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, n ò sì rí akẹ́kọ̀ọ́ tó gba méjìdínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún tí inú rẹ̀ ń dùn rí. Mo bá dá a lóhùn pé kó má bọkàn jẹ́, kó tẹpá mọ́ṣẹ́, nǹkan á dára lẹ́ẹ̀mìíràn. Ọmọ náà dákẹ́. Ìyá rẹ̀ ló pè mí lálẹ́: "Bàbá mi, ẹ ti bà á lọ́kàn jẹ́ o. Ó ń sọ fún yín pé òun ń ṣe dáadáa ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jókòó ti fóònù lálaalẹ́, tí mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí. Mo kọ ohun tí mo rí síbí fún ẹnikẹ́ni tó ní ọmọ tàbí àbúrò lókè òkun tó ń gbá eré náà, tàbí ẹni tó kàn gbọ́ orúkọ àwọn gbajúmọ̀ rẹ̀ tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ṣe. Kì í rọ̀ wá lọ́rùn láti máa wò ó. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méje alẹ́ ní New York nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago méjìlá òru ti lù níbí. Nọ́ńbà ni ọ̀pọ̀ nínú wa yóò fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ eré náà ní ṣókí ná. Ajubọ́ọ̀lù dúró lókèèrè, bíi mítà méjìdínlógún, ó ju bọ́ọ̀lù. Agbábọ́ọ̀lù fi igi gbá a, ó sì sáré. Béèsì mẹ́rin ló wà nílẹ̀. Ẹni tó bá yí wọn ká tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ ti gba àmì kan fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Tó bá gbá bọ́ọ̀lù, tó sì dé béèsì láìjẹ́ pé àṣìṣe àwọn ọ̀tá ló gbé e débẹ̀, hit nìyẹn. Hit lè gbé e dé béèsì kan, méjì tàbí mẹ́ta. Tí bọ́ọ̀lù bá fò kọjá ògiri pápá, home run ni, ó yí gbogbo rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n tí ajubọ́ọ̀lù bá ju bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí kò gba ojú ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀, tí agbábọ́ọ̀lù sì ní sùúrù tí kò na igi sí wọn, wọ́n á ní kó máa rìn lọ sí béèsì àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Walk ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹ fi walk yìí sọ́kàn, torí òun gan-an ló ń da ojú àwọn àlejò rú.

Ó ti yá, .286. Hit tí ọmọ náà rí ni a kó jọ, a wá fi iye ìgbà tó gbìyànjú pín in. Ó gbìyànjú nígbà 28, ó rí hit 8. Tí ẹ bá fi 28 pín 8, ẹ ó rí 0.2857, wọ́n á sún un sí nọ́ńbà mẹ́ta, wọn ò sì ní kọ òdo tó wà níwájú. Àwọn ojú òpó kan ń pè é ní AVG, àwọn mìíràn ní BA. Ọ̀kan náà ni. Henry Chadwick, ọmọ England tó kó lọ sí Amẹ́ríkà láti kékeré, tó sì mọ kírìkẹ́ẹ̀tì dáadáa, wà lára àwọn tó gbé irú ìṣirò yìí wọnú eré náà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Àṣìṣe tèmi ni pé òṣùwọ̀n ìdánwò ni mo fi wọn eré. Bọ́ọ̀lù tí àwọn àgbà ń jù máa ń sáré bíi 150 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹni tó bá lè rí hit mẹ́ta nínú ìgbìyànjú mẹ́wàá láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin, ẹni ńlá ni láàárín wọn. Ní 1941, Ted Williams ti Boston Red Sox rí hit 185 nínú ìgbìyànjú 456, ìyẹn .406. Láti ìgbà náà títí di òní, kò sí ẹlòmíràn tó tún dé .400 fún odindi sáà nínú American League tàbí National League, líìgì àgbà méjì tó wà ní Amẹ́ríkà. Ẹ wá rí i pé ọmọ tó wà ní .286 kò yẹ lẹ́ni tí à ń tù nínú.

Síbẹ̀, .286 yẹn gan-an kò sọ gbogbo òtítọ́ nípa ọmọ wa. Èyí ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí.

Tí ẹ bá ṣí àtẹ nọ́ńbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí kọ́lọ́mù méjì tó jọra: PA àti AB. PA ni iye ìgbà tó jáde lọ dojú kọ ajubọ́ọ̀lù, láìyọ ọ̀kankan. AB ni ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a bá yọ walk, ìgbà tí bọ́ọ̀lù bà á lára, àti ìgbà tó mọ̀ọ́mọ̀ fi ara rẹ̀ rúbọ kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè rọ́nà sún síwájú. AB ni wọ́n fi ń ṣírò AVG. Ìgbà 34 ni ọmọ wa jáde, ó gba walk 6, ìdí nìyẹn tí AB rẹ̀ fi jẹ́ 28. Nínú ojú AVG, walk mẹ́fà yẹn kò ṣẹlẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ àǹfààní wọn, torí ó dúró lórí béèsì lẹ́ẹ̀mẹfà tí ẹlòmíràn ìbá ti padà sórí bẹ́ǹṣì. Nọ́ńbà tó ń ka walk ni OBP: hit 8 àti walk 6 jẹ́ 14, nínú 34, ìyẹn .412. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò yẹn tán, mo tún pe ìyá rẹ̀. Ọmọ tó ń dé béèsì lẹ́ẹ̀mẹrin nínú mẹ́wàá! Sùúrù tó ní nídìí igi yẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Tí ẹ bá fẹ́ rí bí walk ṣe lè pọ̀ tó, ẹ wá Barry Bonds, agbábọ́ọ̀lù kan tí igi rẹ̀ le gan-an, kí ẹ wo ìlà 2004. AVG rẹ̀ jẹ́ .362, èyí tó dára púpọ̀. OBP rẹ̀ jẹ́ .609. Ìgbà 232 ni ó gba walk lọ́dún yẹn, 120 nínú wọn sì jẹ́ èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún un, torí ẹ̀rù igi rẹ̀ ń bà wọ́n. Ẹni tó bá wo AVG nìkan kò ní mọ ìdajì ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àléébù kejì tí AVG ní, ọjà ẹja ni mo ti rí bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ lọ sí ọjà Olúwo níbí lówùúrọ̀. Apẹja kan da àwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó mú nǹkan nígbà mẹ́rin, epìyà wẹ́wẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Èkejì da àwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó mú nǹkan nígbà mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọ̀bọ̀kún ńláńlá wà nínú àwọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tí a bá ń ka iye ìgbà tí àwọ̀n mú nǹkan, ẹni àkọ́kọ́ ló borí. Kò sí ẹlẹ́ja kan ní Olúwo tí yóò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n. AVG ń ka iye ìgbà tí àwọ̀n mú nǹkan. SLG ló ń gbé ẹja sórí òṣùwọ̀n: hit béèsì kan jẹ́ 1, béèsì méjì jẹ́ 2, béèsì mẹ́ta jẹ́ 3, home run jẹ́ 4. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ, kí ẹ fi AB pín in.

Ọdún 2022 fi èyí hàn kedere. Nínú American League, Luis Arraez ti Minnesota Twins ló gba ipò kìíní nínú AVG, .316. Aaron Judge ti New York Yankees ní .311. Tí ó bá jẹ́ AVG nìkan ni ẹ mọ̀, ẹ ó sọ pé Arraez ló gbá igi jù. Ẹ wá wo ohun tó wà nínú àwọ̀n. Hit 177 ni Judge rí: 87 jẹ́ béèsì kan, 28 jẹ́ béèsì méjì, 62 jẹ́ home run, èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbá tó nínú American League rí ṣáájú ìgbà náà. 87, àti 56, àti 248: àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 391. Ẹ fi AB 570 pín in, .686 ni SLG rẹ̀. Ti Arraez, tó gbá home run 8, jẹ́ .420. Judge tún gba walk 111, ni OBP rẹ̀ fi gòkè dé .425, tí ti Arraez wà ní .375. Judge ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn eléré tó wúlò jù lọ lọ́dún náà. N kì í fojú kéré Arraez o. Ebi kò ní pa ilé ẹni tó ń mú epìyà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n a ò gbọ́dọ̀ sọ pé ẹja méjèèjì wọ̀n bákan náà.

Nígbà tí wọ́n bá ro OBP àti SLG pọ̀, OPS ni wọ́n ń pè é. Ti Judge lọ́dún yẹn jẹ́ 1.111. Ẹni tí OPS rẹ̀ bá tó .900, akọni ni. RBI, tí ẹ ó rí nínú àtẹ náà, ni iye àmì tí igi rẹ̀ mú wọlé, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló wà: bí kò bá sí ẹni tó ń dúró lórí béèsì dè é, ta ni yóò gbá wọlé? Mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbára lé e.

Níbo lẹ ó ti wá rí gbogbo èyí? Ojú òpó mẹ́ta ni mo ń lò, ọ̀fẹ́ sì ni ohun tí mo ń wò níbẹ̀.

Èyí tí mo máa ń kọ́kọ́ ṣí ni Baseball-Reference, tó ti wà láti ọdún 2000. Ẹ tẹ orúkọ eléré sínú àpótí ìṣàwárí tó wà lókè, láìsí àmì ohùn kankan. Ẹ wo ọdún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, torí orúkọ máa ń jọra: Ken Griffey bàbá wà, Ken Griffey ọmọ wà, àwọn méjèèjì tilẹ̀ jọ gbá fún Seattle ní 1990 àti 1991. Lójú ìwé eléré náà, ẹ wá àtẹ tí wọ́n kọ Standard Batting sí. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọdún kan. Ìlà ìsàlẹ̀ ni àpapọ̀ gbogbo ayé rẹ̀ nínú eré. Àtẹ náà fẹ̀ ju ojú fóònù lọ, nítorí náà ẹ dá fóònù dùbúlẹ̀, kí ẹ sì máa fi ìka fà á sí ẹ̀gbẹ́. Nọ́ńbà tí wọ́n fi yíńkì tó nípọn kọ túmọ̀ sí pé òun ló ṣe kìíní nínú líìgì rẹ̀ lọ́dún náà. Mo ti rí ẹni tó rò pé àṣìṣe ìtẹ̀wé ni. Tí ẹ bá tẹ orí kọ́lọ́mù kan, àtẹ á tò ara rẹ̀ láti orí èyí tó pọ̀ jù. Àwọn eléré bíi Shohei Ohtani ní àtẹ méjì, torí ó ń ju bọ́ọ̀lù, ó sì ń gbá a. Ẹ rí i dájú pé Batting lẹ̀ ń kà. Ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà ló pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà kì í jẹ dátà púpọ̀.

Ojú òpó yìí kan náà ní àkọsílẹ̀ àwọn líìgì kéékèèké, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń dàgbà kí wọ́n tó dé MLB, àjọ tó kó líìgì àgbà méjèèjì pọ̀. Ẹ tẹ Orimoloye síbẹ̀. Demi Orimoloye, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó sì dàgbà ní Kánádà, ni Milwaukee Brewers mú ní 2015. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí orúkọ Yorùbá nínú àtẹ yẹn, mo dìde lórí àga.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan: iye ìgbà tí eléré jáde. Gift Ngoepe, ọmọ South Africa, ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Áfíríkà tó gbá eré nínú MLB. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin 2017, fún Pittsburgh Pirates, ìgbìyànjú rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ hit. Ní ìṣẹ́jú yẹn, AVG rẹ̀ jẹ́ 1.000, èyí tí Ted Williams ò sún mọ́ rí. Nígbà tí ọdún fi parí, ó ti di .222. Ngoepe kò yí padà di ẹlòmíràn. Ìgbìyànjú kan kéré jù láti fi mọ èèyàn ni. Ìdí nìyẹn tí òfin fi sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gba ipò kìíní nínú AVG gbọ́dọ̀ ní PA 502 nínú sáà eré 162. Tí ẹ bá ṣí FanGraphs, ojú òpó kejì, tí ẹ lọ síbi Leaders, ẹ ó rí Qualified níbẹ̀. Òun ni ó ń yọ àwọn tí kò tíì jáde tó kúrò. Tí ẹ bá mú un kúrò láìmọ̀, ẹni tó gbá ẹ̀ẹ̀mejì péré lè jókòó sókè gbogbo wọn. Ẹ rántí èyí tí ọmọ yín bá kọ̀wé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pé òun wà ní .600, tàbí pé òun wà ní .100. Méjèèjì ló yẹ kí ẹ fi sùúrù gbọ́.

FanGraphs ni mo tún ti mọ wRC+. Má jẹ̀ẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dẹ́rù bà yín. Wọ́n ka gbogbo ohun tí igi eléré mú wá, wọ́n yọ ti pápá tó ń lò àti ti ọdún tó wà kúrò, wọ́n wá sọ ọ́ di pé 100 ni àárín gbùngbùn. Ẹni tó bá ní 150 fi ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ju eléré àárín lọ. OPS+ tó wà ní Baseball-Reference náà ń lo 100 bẹ́ẹ̀. Kí ni pápá ní í ṣe nínú rẹ̀? Pápá Coors Field ní Denver ga tó bíi mítà 1,600 ju ojú òkun lọ. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́ níbẹ̀, bọ́ọ̀lù sì ń fò jìnnà. Àwa tí a bí sí etí ọ̀sà mọ̀ pé ibi tí apẹja dẹ àwọ̀n sí wà lára ẹja tó mú. Tí ẹ bá fẹ́ fi eléré Denver wé eléré ìlú mìíràn, AVG lè tàn yín. wRC+ ti ro ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ mọ́ ọn ná.

Ojú òpó kẹta ni Baseball Savant, ti MLB fúnra wọn. Láti 2015 ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bọ́ọ̀lù sí gbogbo pápá wọn, tí wọ́n ń pè ní Statcast. Òun ló ń sọ bí bọ́ọ̀lù ṣe sáré tó nígbà tó kúrò lójú igi àti bó ṣe gòkè tó. Bọ́ọ̀lù tó bá kúrò lójú igi pẹ̀lú eré tó tó 95 mph, nǹkan bíi 153 kìlómítà ní wákàtí, ni wọ́n ń kà sí èyí tí wọ́n gbá le. Ó wúlò, torí eléré lè gbá bọ́ọ̀lù dáadáa kí ọ̀tá sì fò mú un. AVG á kọ òdo sí i, Savant á jẹ́rìí pé igi rẹ̀ dára. Àwọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ níbẹ̀. Lójú ìwé eléré, àmì róbótó tó pupa wà, èyí tó búlúù wà, pẹ̀lú nọ́ńbà láti 1 sí 100. Èmi tí mo fi yíńkì pupa fa ìlà sábẹ́ àmì àwọn tó fìdí rẹmi ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń kọ́ni, mo rò pé pupa burú. Òdìkejì rẹ̀ ni níbẹ̀. Pupa túmọ̀ sí pé ó ju ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, búlúù pé wọ́n jù ú lọ. Fídíò wà níbẹ̀ náà, wọ́n sì ń jẹ dátà gan-an.

Tí nọ́ńbà ojú òpó kan kò bá bá ti ìwé àtijọ́ mu, ẹ má rò pé ẹnìkan purọ́. Ní oṣù Karùn-ún 2024, MLB ka àkọsílẹ̀ àwọn Negro Leagues mọ́ tiwọn, ìyẹn àwọn líìgì tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbá nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Josh Gibson, ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n kọ AVG gbogbo ayé rẹ̀ sí .372 nígbà náà, ló bọ́ sókè, tó kọjá Ty Cobb tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òun náà ló ní .466 nínú sáà 1943. Ó ti kú ní 1947. Mo máa ń ṣí ojú ìwé rẹ̀ nígbà mìíràn, láìní ohun pàtó tí mò ń wá.

Ọmọ ọmọ mi ti ń fèsì mi padà. Mo sọ fún un pé mo ti mọ ohun tí .286 jẹ́, mo sì bẹ̀ ẹ́ fún ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kó máa fi PA, AB, hit àti walk ránṣẹ́ sí mi, èmi fúnra mi yóò ṣe ìṣirò tó kù. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, kí n tó jí fún ìrun àárọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti wà lórí fóònù: "Bàbá àgbà, mi ò rí hit lánàá. Walk mẹ́ta ni."